Oníbodè Ẹran Ọ̀sìn: Dókítà Màlúù ti Ìjọba ní Ilẹ̀ Òkè Kétu

Àlejò tó bá dé Kétu kì í ṣàì béèrè Akábà Ìdẹ̀nà, àwa ọmọ ìlú náà a sì máa fi yangàn: ẹnubodè àtijọ́ tí ilẹ̀kùn igi rẹ̀ wúwo, tí odi àti iyàrà yí ìlú ká lẹ́yìn rẹ̀. Ogun ni a sábà máa ń mẹ́nu bà bí a bá ń sọ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò sí ogun pọ̀ ju ọjọ́ ogun lọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oníbodè a jókòó síbẹ̀, a máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé ibi tó ti ń bọ̀, ẹrù tó gbé dání, àti ilé ẹni tó ń lọ. Ó ń gbowó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún ń fi ojú wá ohun tí kò yẹ kó wọ ìlú.

Oníbodè mìíràn ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Òun ni dókítà ẹran ọ̀sìn tí ìjọba rán sí ìgbèríko, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ẹran tó ń ṣàìsàn, láti dá agbo ẹran dúró bí ó bá yẹ, àti láti mú òfin ìlera ẹran ṣẹ. Kò ní odi, kò ní iyàrà. Ohun tí ó ń ṣọ́ kò sì ṣeé fojú rí. A ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè é ní ‘dókítà abẹ́rẹ́’, bí ẹni pé gígún abẹ́rẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wo ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé abẹ́rẹ́ ni ó rọrùn jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan dàrú. Ní 1886 ni ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, fọ́ Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ará ìlú ní ìgbèkùn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn lórí ààlà, wọ́n fa ìlà la ilẹ̀ wa kọjá nígbà tí ìlú ṣì wà ní ahoro. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Ìlárá ní tirẹ̀ sì pín sí méjì. Nígbà tí àwọn ìgbèkùn padà wálé, tí wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ ní 1894, ìlú tí wọ́n tún kọ́ ti di ìlú etí ààlà.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ohun mìíràn ń rìn bọ̀ láti ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí kò bìkítà fún ìlà kankan. Ní 1887, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ítálì wà ní etíkun Eritrea, àrùn kan tí ilẹ̀ yìí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bá màlúù wọ ibẹ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní ‘peste bovine’. Ibà ni í kọ́kọ́ mú ẹran náà. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ a máa ṣomi, ikun a máa dà ní imú, egbò a so sí i lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru a sì tẹ̀ lé e. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹran ti kú. Kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó pa ènìyàn: ní Etiópíà, níbi tí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá màlúù kú, ebi gba orílẹ̀-èdè náà, nítorí kò sí ẹran tí yóò fa ohun ìtúlẹ̀. Ní nǹkan bí 1891, àrùn náà ti dé apá ìwọ̀-oòrùn. Agbo ẹran àwọn Fúlàní láti ilẹ̀ Haúsá dé etí odò Niger run bí ìgbà tí iná jó pápá.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé màlúù kò pọ̀ ní ilẹ̀ òkè Kétu nígbà náà. Àgbẹ̀ àti ọdẹ ni àwọn baba wa. Ewúrẹ́, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ ni ẹran ilé wọn. Eṣinṣin tsé-tsé wà nínú igbó, kì í sì í jẹ́ kí màlúù oníké láti òkè ọya pẹ́ níbí. Màlúù kúkúrú tí kò ní iké, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní ‘lagunaire’, ni ó lè fara da á, kò sì tóbi ju ọmọ màlúù àwọn Fúlàní lọ. Nítorí náà, bí màlúù bá gba ilẹ̀ wa kọjá, ó sábà jẹ́ ti oníṣòwò tó ń dà á lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Èkó fún pípa. Ẹran ọjà ni, ẹran tó ń rìn. Ẹran tó ń rìn gan-an ni ó sì ń gbé àrùn káàkiri.

Òfin tí àwọn Faransé gbé dé bá a níbí kì í ṣe èyí tí wọ́n jókòó ṣe fún ilẹ̀ wa. Ní 1761 ni Claude Bourgelat gba àṣẹ láti dá ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹran sílẹ̀ ní Lyon, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé, nítorí àrùn màlúù yìí kan náà tó ń jẹ àwọn àgbẹ̀ Faransé run. Ní 1881 wọ́n ṣe òfin ńlá kan ní ilẹ̀ wọn lórí àrùn tó ń ràn lára ẹran, nígbà tó sì di 1915, àṣẹ kan jáde fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Bí òfin náà ti gùn tó, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó gbé e ró: ẹni tí ẹran rẹ̀ bá ṣàìsàn, kó kéde, ẹran tó ṣàìsàn, ẹ yà á sọ́tọ̀, agbo tó wà ní àdúgbò àrùn, ẹ má ṣe jẹ́ kó rìn, èyí tí kò ní àtúnṣe, ẹ pa á.

A kò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣẹ́gun àrùn ẹran láìlo wọn, àwọn àgbà wa pàápàá mọ irú rẹ̀: nígbà tí olóde bá ń jà, wọn kì í jẹ́ kí èrò rẹpẹtẹ pé jọ, wọ́n sì máa ń mú ẹni tó ń ṣàìsàn kúrò láàárín ìlú. Ohun tó burú ni ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ìjọba tó ní ‘ẹ kéde ẹran yín’ ni ìjọba kan náà tó ń ka orí ènìyàn fún owó orí, tó ń kó àwọn ọkùnrin ṣiṣẹ́ ọ̀nà láìsanwó, tó sì ń mú ọ̀dọ́ lọ sójú ogun láti 1914. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣàlàyé nínú ìwádìí rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ará wa ṣe sá kọjá ààlà sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí sísá náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀nà ìkọ̀yà. Bí ènìyàn bá lè gbé àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá ààlà ní òru nítorí ìjọba, ta ni yóò yà lẹ́nu bí ẹlẹ́ran bá da màlúù rẹ̀ gba ọ̀nà kan náà? Ẹran tí wọ́n fi pamọ́ fún agbowó-orí, wọ́n fi pamọ́ fún dókítà pẹ̀lú. Níbi tí ó sì fara pamọ́ sí, àrùn lè wà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn dókítà Faransé kò tó nǹkan. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bamako ni ó kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ‘vétérinaires auxiliaires’, àwọn wọ̀nyí sì ni ẹsẹ̀ wọn tẹ eruku jùlọ. Àwọn díẹ̀ kàwé dé ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ jùlọ nínú wọn, wọn kò mọ̀ ọ́n sí dókítà ẹran rárá: Birago Diop, ọmọ Senegal, tó gboyè ní Toulouse ní 1933, tó sì ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko ilẹ̀ Sudan ti Faransé (Mali òde òní), Côte d’Ivoire, Haute-Volta àti Mauritania. Ìwé àlọ́ rẹ̀ tó jáde ní 1947 ni a ń kà ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú lọ láti gàá dé gàá, tó ní láti jókòó ti àwọn àgbà kó tó lè fọwọ́ kan ẹran wọn, kò lè ṣàì gbọ́ ìtàn.

Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, a ó yára kọjá. Robert Koch, ará Jámánì, lọ sí Kimberley ní gúúsù Áfíríkà ní ìparí 1896, ó sì fi òróòro ẹran tó kú ṣe àjẹsára tó mú díẹ̀ nínú ìkanra àrùn náà kúrò. Ní 1924 wọ́n dá ilé ìwádìí Vom sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1935 wọ́n dá ti Dakar-Hann sílẹ̀ ní Senegal. Ní 1924 bákan náà ni orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ ní Parisi láti dá àjọ àgbáyé fún ìlera ẹran sílẹ̀, nítorí pé màlúù tí ọkọ̀ ojú omi gbé láti Íńdíà gba èbúté Antwerp kọjá ní 1920, ó sì fi àrùn náà sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Lẹ́yìn ìyẹn ni Walter Plowright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àjẹsára tuntun ní Muguga, ní Kenya, ní nǹkan bí 1960. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún ẹran títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ooru ń bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ti fi omi pò ó, ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni ó kù.

Nítorí àbùkù yẹn ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́ ìdájí. Kí oòrùn tó yọ, dókítà àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti gbéra pẹ̀lú àpótí yìnyín. Ó yẹ kí àwọn ẹlẹ́ran ti fi igi gbàǹgbà ṣe ọgbà, kí wọ́n sì ṣe ọ̀nà tóóró kan tí màlúù yóò gbà kọjá níkọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan gún un, kí ẹlòmíràn fi àmì sí i, kí ẹ̀kẹta kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo èyí dá lórí ohun kan tí kò sí nínú àpótí yìnyín: kí àwọn ẹlẹ́ran ti gbà láti wá. Bí wọn kò bá wá, oòrùn yóò yọ, àjẹsára yóò sì bàjẹ́ ní ọwọ́ ẹni tó gbé e wá.

Ìgbà tí wọ́n wá ni 1964. Ọdún méjì ṣáájú, àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpawọ́pọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní PC15 lédè Faransé, pẹ̀lú owó láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Chad, Cameroon, Niger àti Nàìjíríà ni ó ṣáájú. Dàhòmì, Tógò, Gánà, Haute-Volta, Mali àti Côte d’Ivoire tẹ̀ lé e. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti sọ: gbogbo màlúù, lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́ta léraléra, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1889, agbo tó sá láti apá kan yóò bá abẹ́rẹ́ kan náà pàdé ní apá kejì, kò sì sí èrè kankan nínú sísá. Àwa gbà pé ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìtàn yìí wà. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ti ààlà jùlọ ni àrùn náà fà sẹ́yìn. Ìgbà tí iṣẹ́ bára mu ní apá méjèèjì ni.

Àrùn náà fà sẹ́yìn débi pé àwọn ìjọba gbàgbé rẹ̀. Owó dín kù, abẹ́rẹ́ dín kù, àwọn ọmọ màlúù tí wọ́n bí lẹ́yìn náà kò gba nǹkan kan. Díẹ̀ nínú àrùn náà ṣẹ́ kù ní ààlà Mali àti Mauritania, àti ní apá Sudan àti Etiópíà. Láti ibẹ̀ ni ó ti tún ràn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1983, ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún màlúù kú ní Nàìjíríà. Ní àkókò kan náà ọ̀dá mú ilẹ̀ Sahel, gẹ́gẹ́ bí ó ti mú un láàárín 1968 àti 1973, àwọn darandaran sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù pẹ̀lú agbo wọn. Báyìí ni ilẹ̀ òkè Kétu, tí màlúù kò pọ̀ níbẹ̀ rí, fi di ibùjẹ màlúù. Igbó ti dín kù, eṣinṣin ti dín kù pẹ̀lú rẹ̀, koríko tútù sì wà fún wọn nígbà tí ti òkè ti gbẹ.

Iṣẹ́ àpawọ́pọ̀ kejì, PARC, bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 30. Lójú tiwa, ìparí rẹ̀ ni ó le jù. Láti fi hàn pé àrùn ti tán, ó di dandan kí wọ́n dẹ́kun abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí bí gbogbo ẹran bá ti gba àjẹsára, ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè sọ bóyá àrùn ṣì ń kọjá níbẹ̀. Dókítà tó fi ogún ọdún bẹ àwọn ẹlẹ́ran pé kí wọ́n kó màlúù jáde fún abẹ́rẹ́ yìí ní láti padà lọ sọ fún wọn pé kò sí i mọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni a fẹ́ gbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tètè pè wá bí ẹ bá rí ẹran tí ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ẹni tí wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé kò lè jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2001 ni wọ́n rí àrùn náà kẹ́yìn, lára ẹfọ̀n ìgbẹ́ ní Meru, ní Kenya. Ní 2011 ni àjọ àgbáyé méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn kéde pé ó ti parẹ́ lórí ilẹ̀ ayé. Ṣànpọ̀nná nìkan ni àrùn tí ọmọ ènìyàn tíì pa rẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wa kò rí oore bẹ́ẹ̀. Ní 1997 ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà wọ Bẹ̀nẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, láàárín ọdún náà ó sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó. Kò ní àjẹsára nígbà náà, kò ní oògùn. Ọ̀rọ̀ kẹrin nínú òfin, ‘ẹ pa á’, ni ó kù. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin kan tó ń fi owó ẹlẹ́dẹ̀ san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ rí òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá sí owó gbà-máà-bínú kíákíá, ẹlẹ́dẹ̀ yòókù yóò ti di ẹran títà ní ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì gbé àrùn dé abúlé kejì. A kò dá obìnrin náà lẹ́bi. A kò dá òṣìṣẹ́ náà lẹ́bi pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe òfin láìfi owó tì í ni kí á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nípa ti ìrìn màlúù, òfin kò wọ́n. Bẹ̀nẹ̀ ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 1987 lórí ìdaran àti ìjẹko. Ní oṣù kẹwàá 1998, àwọn olórí CEDEAO fọwọ́ sí ìpinnu kan ní Àbújá pé darandaran lè kọjá ààlà bí ó bá ní ìwé ẹ̀rí tó sọ iye ẹran rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà, ọ̀nà tí yóò gbà àti ibi tó ń lọ. Ojúmọmọ ni kó sì kọjá, kì í ṣe òru. Dókítà ìjọba ni ó ń bu ọwọ́ lu ìwé náà. Ní ilẹ̀ Kétu, ìwé yìí ti di ohun tó ju ọ̀rọ̀ àrùn lọ. Nígbà tí màlúù bá jẹ oko àgbàdo, tí àgbẹ̀ bá fa àdá yọ, wọn a béèrè ìwé lọ́wọ́ darandaran. Wọn a sì béèrè lọ́wọ́ dókítà ìdí tó fi fọwọ́ sí i, bí ẹni pé òun ni ó da màlúù sí oko. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti gba ẹ̀mí ní agbègbè wa, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní 2019, Bẹ̀nẹ̀ ní òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ darandaran, nígbà tí ọdún náà sì ń parí lọ, ìjọba kéde pé agbo ẹran láti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ẹni tó ti sin òkú ọmọ rẹ̀ nítorí ìjà yìí mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, kò sì yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ ìwé já a ní koro. Síbẹ̀, a kò lè gbàgbé ìtàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: agbo tí kò lè gba ojú ọ̀nà kọjá, bí ó bá wọlé, òru ni yóò wọlé, kò sì ní sí ìwé lọ́wọ́ ẹni tó dà á.

Iṣẹ́ tó wà níwájú báyìí kì í ṣe ti màlúù. Àrùn kan wà tó jọ ti màlúù yẹn, tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn. Côte d’Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1942, Faransé ni ó sì sọ ọ́ ní ‘peste des petits ruminants’. Ní 2015, ní Abidjan, àwọn orílẹ̀-èdè pinnu pé yóò parẹ́ nígbà tó bá di 2030. Àjẹsára rẹ̀ wà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò ní darandaran tí a lè bá ṣe ìpàdé. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé, méjì níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ti ìyá àgbà, ti ìyàwó ilé, ti ọmọ tí wọ́n fún ní abo kan kó fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Ní Ìlárá, ewúrẹ́ a máa sùn ní Bẹ̀nẹ̀, a sì máa jẹko ní Nàìjíríà. Bí dókítà láti Kétu bá gún tirẹ̀ ní oṣù kan, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ kò sì dé títí ọdún fi yí, ewúrẹ́ àdúgbò kan náà ni idà yóò gbà, idà yóò sì kù.